Ìwé Ni Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Kà, Kì í Ṣe Ọjọ́

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, "kà", ni Yorùbá ń lò fún ìwé àti fún owó. Àwọn tí ń ṣe ètò ìwé kíkà sórí fóònù ti wá so méjèèjì pọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kàwé lónìí, ẹ̀rọ á ka ọjọ́ kan fún un. Bí ó bá tún kà lọ́la, ó di méjì. Ọjọ́ tí ó bá pa á jẹ, òǹkà á padà sí òdo. Duolingo, tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọdún 2012, wà lára àwọn tí ó sọ ọgbọ́n yìí di ìlúmọ̀ọ́ká. Kò sí àní-àní pé ó ń fa ènìyàn padà. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń lé lọ?

Ẹ jẹ́ kí a gbé e dé Kùmásì, ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sọ Twi geere láìkì í sábà kà á. Ìtàn ọmọdé lédè Akan wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ètò African Storybook, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2014, bí ti Yorùbá náà ṣe wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ girama onílé-gbígbé kì í gba fóònù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí ó fi gbogbo ìsinmi kó ogún ọjọ́ jọ yóò bá òdo nílé nígbà tí ó bá padà dé. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín ní ọdún 2024 lè dín ìṣòro yìí kù, ṣùgbọ́n iná ńkọ́? Nígbà tí iná ọba di ṣégesège ní ọdún 2014 àti 2015, orúkọ tí àwọn ará Gánà ń pè é ni "dumsor", láti inú ọ̀rọ̀ Akan fún pípa àti títàn. Olùkọ́ Ìbàdàn kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Òǹkà tí kò gbọdọ̀ já ń wọn iná àti owó dátà. Kò wọn ìfẹ́ ìwé.

Ẹ̀bùn àṣelérí náà léwu. Ní ọdún 1973, Lepper, Greene àti Nisbett ṣèwádìí lórí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ràn àwòrán yíyà. Àwọn tí a ṣèlérí ìwé-ẹ̀rí fún kí wọ́n tó yàwòrán kò fi bẹ́ẹ̀ yà á mọ́ nígbà tí a fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì kò yí padà.

Ohun tí ó yẹ wà nílẹ̀ ní Kùmásì àti ní Ọ̀yọ́. Oware tí Asante ń ta, ayò wa náà ni: ihò méjìlá, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, 48 lápapọ̀. Kí ìtàn kọ̀ọ̀kan tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kà parí ju ọmọ ayò kan sínú ihò, lórí ẹ̀rọ tàbí lórí páálí lára ògiri kíláàsì. Ọjọ́ tí kò bá kà, ohunkóhun kò dín. Kí a má to orúkọ láti ẹni kìn-ín-ní dé ẹni ìkẹyìn, nítorí ẹni ìkẹyìn gan-an ni a ń wá.

Àwọn kan yóò ní ọmọ lè máa ṣí ojú-ìwé láìkà. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ kò sì lè mú un. Nítorí náà, kí ọmọ ayò má bọ́ sínú ihò títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi pa ìtàn náà fún ẹnìkan létí: olùkọ́, ọ̀rẹ́, tàbí ìyá àgbà tí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n tí ó gbọ́ Twi ju gbogbo wọn lọ.