Ẹ Má Ṣe Dáná Sun Ewé Ẹ̀wà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ilẹ̀ Kétu, ilẹ̀ wa ti ń ṣá. Nígbà àwọn baba wa, oko a máa sinmi fún ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó tún dá a. Nísinsìnyí, ilẹ̀ kò tó pín mọ́. Àgbàdo ni à ń gbìn lé àgbàdo, èkan sì ń gba oko.

Àwọn ènìyàn ń wí pé, "Gbin ẹ̀wà, ilẹ̀ á lọ́ràá." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé.

Ẹ rọra hú ẹ̀wà kan nígbà tí ó bá ń tanná. Ẹ ó rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀. Kì í ṣe àrùn. Ilé àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni. Ẹ̀wà ń bọ́ wọn. Àwọn náà ń fa oúnjẹ ewé láti inú afẹ́fẹ́ fún un. Ẹ fi ọ̀bẹ la kókó kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ ń lọ.

Ní 2002, àwọn onímọ̀ ní Japan ka gbogbo àkọsílẹ̀ ìran tí ó wà nínú kòkòrò ti sóyà. Lẹ́tà rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ oríṣi lẹ́tà mẹ́rin péré ni. (Àwa rèé tí 25 ń yọ lẹ́nu!) Inú rẹ̀ ni ọgbọ́n kíkọ́ kókó wà.

Ṣùgbọ́n ibo ni oúnjẹ náà ń lọ? Inú ewé àti èso ni ó pọ̀ sí. Ti gbòǹgbò kéré. Bí a bá kó ẹ̀wà lọ sílé, tí a dáná sun ewé rẹ̀, iná ti dá oúnjẹ náà padà sínú afẹ́fẹ́. Kí ni ilẹ̀ rí jẹ?

Ẹnì kan lè wí pé, "Ewúrẹ́ mi ńkọ́?" Kí ewúrẹ́ jẹ ewé, kí a sì kó ìgbẹ́ rẹ̀ padà sóko.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni ti ẹni tí ó yá ilẹ̀ dáko. Kò mọ̀ bóyá wọn yóò gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ òun lọ́dún tí ń bọ̀. Kí ló dé tí yóò fi máa bọ́ ilẹ̀ onílẹ̀? N kò bá a wí. Ní tèmi, onílẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣèlérí níwájú ẹlẹ́rìí pé ẹni tí ó bá fi ewé ẹ̀wà sílẹ̀ lóko ni yóò gbin àgbàdo ọdún tí ń bọ̀ síbẹ̀.