Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Nídìí Àgádágodo

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Òótọ́ ni, níbi tí gbogbo ará ilé ti mọ èrò ara wọn. Ṣùgbọ́n ní Lọ́kọ́ja tí a ti tọ́ mi dàgbà, Ígálà, Ẹ̀bìrà, Tápà, Haúsá àti àwa Yorùbá la jọ ń ná ọjà kan náà. Ẹni tó bá fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ ná an, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kernel, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ló ti kọ́wọ́ ti kernel Linux, èyí tó wà nínú fóònù Android. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló sì ń lọ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo ìwé èsúsú tí ₦5,000 wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé méjì kà á pọ̀. Ẹnì kan gba ₦1,000, ó kọ 6,000. Èkejì gba ₦1,000, òun náà kọ 6,000. ₦1,000 ti wọmi. Èyí ni wọ́n ń pè ní race condition. Àgádágodo la fi ń dènà rẹ̀: ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú nìkan ló gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé. Ṣùgbọ́n àgádágodo kọ̀ǹpútà kò de ìwé náà mọ́lẹ̀. Àdéhùn lásán ni. Ẹni tí kò gbọ́ nípa àdéhùn yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: kọ́kọ́rọ́ wo ló ń ṣọ́ kí ni? Èwo là ń kọ́kọ́ mú? Ta ló gbọdọ̀ ti dì í mú kó tó pe iṣẹ́ yìí?

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í tètè fojú hàn. Dirty COW, tó ń jẹ́ kí ẹni tí kò láṣẹ di ọ̀gá lórí ẹ̀rọ, wà nínú Linux láti 2007. Ọdún 2016 ni wọ́n tó tún un ṣe. N kò ní àkọsílẹ̀ nìkan ì bá dá a dúró, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe eré.

Àwọn kan yóò ní àkọsílẹ̀ a máa gbó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí lockdep, iṣẹ́ Ingo Molnar tó wọ Linux ní 2006, fi dára. Bí ẹ bá kọ lockdep_assert_held sínú iṣẹ́ yín, ẹ̀rọ yóò pariwo nígbà àyẹ̀wò bí ẹni tó pè é kò bá di kọ́kọ́rọ́ mú. Ṣùgbọ́n kò ní sọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ má fi àdéhùn pamọ́ sínú ikùn. Ẹni tí yóò tún iṣẹ́ yín ṣe lọ́la lè má mọ̀ yín rí. Odidi ọ̀rọ̀ ni kí ẹ sọ fún un.