Ta Ni Yóò Ra Ilé Náà Lọ́wọ́ Yín?

Nínú àwọn ìbéèrè tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń fi ránṣẹ́ sí mi, ọ̀kan ń pọ̀ sí i lẹ́nu lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí. Òun ni ọ̀rọ̀ òwò ilé: kí ènìyàn ra ilé tó ti gbó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì tà á ní iye tó ju owó tó ná lọ. Ohun tí ẹ sì máa ń fẹ́ kí n dárúkọ ni àdúgbò. Ṣé Òṣogbo ni, àbí Iléṣà? Kí n tó dárúkọ ibì kankan, ìbéèrè tèmi ni pé: ta ni yóò ra ilé náà lọ́wọ́ yín? Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nínú òwò yìí, oníbàárà là á wò ká tó ra ilé.

Ẹ jẹ́ kí a ti Òṣogbo bẹ̀rẹ̀. Ní 1907 ni ọkọ̀ ojú irin dé ìlú náà, òwò sì kó èrò jọ sí àárín ìlú. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ilé ẹbí títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, tí Òṣogbo di olú-ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé, wọ́n sì ń wá ibi tí wọn yóò gbé. Sẹkitéríàtì ìpínlẹ̀ wà ní Abẹ́rẹ́, ilé sì ń pọ̀ sí i ní ìhà ibẹ̀. Ní 2006, wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, èyí tí ọgbà rẹ̀ tó wà ní Òṣogbo ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa wá yàrá ní agbègbè Òkè-Baálẹ̀.

Nítorí náà, oríṣi oníbàárà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà. Òṣìṣẹ́ tó ní ìyàwó àti ọmọ ń wá ilé oníyàrá mẹ́ta, kànga tó ní omi ní ọ̀gbẹlẹ̀, ògiri tó yí ilé ká, àti ọ̀nà tí ọkọ̀ rẹ̀ lè gbà lójò. Ẹni tó fẹ́ fi ilé gba akẹ́kọ̀ọ́ ń ka iye yàrá àti iye ilé ìwẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi owó táìlì olówó iyebíye ṣe ilé akẹ́kọ̀ọ́, tàbí tó gé ilé òṣìṣẹ́ sí yàrá kéékèèké, ó ti ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́ kó tó gbé e síta.

Iléṣà kò jìnnà sí Òṣogbo rárá, ṣùgbọ́n ìtàn ilé ibẹ̀ yàtọ̀. Àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí a mọ̀ sí Òṣómàáló kiri ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n ń tà láwìn, wọ́n sì ń lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ibi yòówù kí wọ́n ti rí owó náà, ilé ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé e bọ̀, wọ́n sì fi kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìṣe náà kò tíì parí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ kọ́ ilé tirẹ̀ sí ìlú bàbá rẹ̀; kò fẹ́ ra ilé tí ẹlòmíràn kọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí ilé gbígbòòrò ní Iléṣà ní owó tí yóò yà yín lẹ́nu, tí ẹ óò tún un ṣe tán tí kò sì sí ẹni tó yà sí i. Mi ò sọ pé kí ẹ má dé ibẹ̀. Ilé-ìwòsàn Wesley Guild wà níbẹ̀, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ sì ti di Yunifásítì Iléṣà. Àwọn oníṣẹ́ ìlera àti olùkọ́ ń wá ibi tí wọn yóò gbé. Ṣùgbọ́n ayálégbé ni púpọ̀ nínú wọn. Lójú tèmi, ní Iléṣà, ẹ ra ilé tí ẹ lè fi sílẹ̀ fún àwọn ayálégbé ní ọdún bíi mélòó kan bí ẹni tó fẹ́ rà á bá pẹ́ kó tó dé. Bí gbogbo owó yín bá jẹ́ owó yíyá tí èlé ń gun orí rẹ̀, Òṣogbo ni kí ẹ wà.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kàn, níbẹ̀ sì ni ewu pọ̀ sí jù. Wọ́n ní bí ilé kan bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ilé ẹbí lọ́jọ́ tí ẹ sanwó kò túmọ̀ sí pé gbogbo ìdí-igi ti fohùn ṣọ̀kan. Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní 1959 là á yé wa: bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè lọ sílé-ẹjọ́ láti fagi lé ọjà náà, bí ọmọ ẹbí kan bá sì tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, asán ni ọjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan ni kí ó fọwọ́ sí ìwé, níwájú agbẹjọ́rò tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá. Lẹ́yìn èyí, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí a gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí ilé tó kọjá sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó fẹ́ tún ilé tà gbọ́dọ̀ rántí pé bí ìwé òun kò bá pé, oníbàárà rere yóò pẹ̀yìn dà. Ẹni tó sì gbà láti ra ilé tí kò níwèé, owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò fi lọ̀ yín.

Ẹ wo ilẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Ní Òṣogbo, ẹ má sún mọ́ ipadò Gbódòfọ̀n nítorí pé ilé ibẹ̀ pọ́ọ́kú. Igbó Ọ̀ṣun náà di ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dọ̀ UNESCO ní 2005, ilẹ̀ ààbò sì yí i ká tí kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń kọ́lé bó ṣe wù ú. Ní ẹ̀yìn odi Iléṣà, ẹ béèrè bóyá àwọn awakùsà góòlù ti gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣírò ó. Ká ní ẹ ra ilé ní mílíọ̀nù 9 náírà, tí òrùlé, omi, iná àti ọ̀dà gba mílíọ̀nù 4, tí agbẹjọ́rò, ìwé àti ẹ́jẹ́ǹtì sì gba mílíọ̀nù 1 àti ààbọ̀. Mílíọ̀nù 14 àti ààbọ̀ ti jáde lápò yín. Bí ẹ bá tà á ní mílíọ̀nù 16 láàárín oṣù mẹ́fà, èrè wà. Bí ó bá gba ọdún méjì, ọ̀wọ́ngógó ti jẹ èrè náà tán, ó sì ti ń bu owó ìdókòwò jẹ. Àdúgbò tí ilé ti ń yá tà ni ó dára jù. Kì í ṣe ibi tí ilé ti pọ́ọ́kú jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mi, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ sí àdúgbò náà lẹ́ẹ̀mẹta: lẹ́yìn òjò ńlá, lóru, àti ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹ bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ pé ilé wo ni wọ́n tà kẹ́yìn, ta ló rà á, oṣù mélòó ló sì gbà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rántí ilé kan tí wọ́n tà níbẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì gba àdúgbò mìíràn lọ.