Fọ́ǹtì Tó Rẹwà Gbọ́dọ̀ Lè Gbé Àmì Ohùn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti jáde, ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì ni mo bá wá. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Irú fọ́ǹtì kan wà tí àwọn tó ń ṣe pósítà fẹ́ràn gan-an: apá kan lẹ́tà á nípọn bí òpó, apá kejì á tín-ín-rín bí irun orí. Firmin Didot ní Paris àti Giambattista Bodoni ní Parma ló sọ ọ́ di olókìkí ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Irú rẹ̀ ni Vogue fi ń kọ orúkọ rẹ̀ sójú ìwé. Bí ẹ bá rí i lára ìgò lọ́fínńdà, ẹ ó ti mọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọn ò ro tiwa mọ́ ọn. Bodoni ti kú ní 1813. Ọdún 1875 ni ìpàdé CMS tó jókòó lórí àkọtọ́ Yorùbá wáyé ní Èkó. Títí dòní, Unicode fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún é ní tirẹ̀, kò fún ẹ́ ní ẹyọ kan. A ní láti gbé àmì ohùn lé ẹ lórí ni. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá ti ṣètò ibi tí àmì yóò jókòó sí, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí kọ̀ǹpútà yá lẹ́tà láti inú fọ́ǹtì mìíràn. Àkọlé á wá dà bí aṣọ òkè tí wọ́n fi àǹkárá lẹ̀.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe? Wọ́n ń yọ àmì kúrò, wọ́n ní kí ojú ìwé lè mọ́. Báyìí ni ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ èrò àti ọ̀kọ̀ ọdẹ ṣe ń di nǹkan kan náà.

Àwọn kan á ní òǹkàwé á fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ̀ ọ́n. Nínú ìpínrọ̀, bóyá. Àkọlé ńkọ́, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì péré? Orúkọ ènìyàn ńkọ́? Ibi tí a ti ń lo fọ́ǹtì ẹlẹ́wà yìí gan-an ni àmì ti wúlò jù.

Ẹwà rẹ̀ kọ́ ló fa ìṣòro. Èdè Vietnam náà ń fi àmì sókè àti sísàlẹ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo, bí ệ, fọ́ǹtì tó rẹwà tó sì ń gbé e kò wọ́n wọn.

Àbá mi rèé: kí ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa tó yan fọ́ǹtì àkọlé, kí a kọ́kọ́ tẹ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, kí a sì wò ó lórí fóònù. Bí àmì bá yẹ̀, tàbí tó tín-ín-rín débi pé kò hàn, kí a wá òmíràn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó wà nídìí ìpolówó àti ìtẹ̀wé, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì: ẹni tó bá fẹ́ gba owó wa, kó kọ́kọ́ kọ orúkọ wa pé.