Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá lọ, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí agbára ẹsẹ̀ bá a lọ

 

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá ara ni mo gbé wá lónìí. Láyé àtijọ́, bí obìnrin bá sanra, a máa ń sọ pé ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ ni. Bí ikùn ọkùnrin bá yọ síwájú, a ní owó ti dé. Ọ̀rọ̀ ti yí padà báyìí. Àwọn dókítà ń kìlọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ń kìlọ̀ àtọ̀gbẹ, àwọn èèyàn wa sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ wa ń gbà lé ọ̀rá lọ ni mi ò fara mọ́.

Ẹ wo ohun tí à ń ṣe. Èèyàn á ní òun fẹ́ kí ikùn òun wọlé. Kò ní jẹun alẹ́ mọ́. Á ra tíì tí wọ́n ń kiri lọ́jà, èyí tó ń mú èèyàn yàgbẹ́ nígbà mẹ́ta lọ́jọ́. Á máa rìn lọ, á máa rìn bọ̀. Láàárín oṣù méjì, aṣọ ti ń jábọ́ lára rẹ̀, gbogbo ọjà sì ń kí i kú oríire. Àmọ́ nígbà tó bá fẹ́ dìde lórí àpótí, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á ní "yéè!" Nígbà tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀, àfi kí ẹnìkan fà á. Ọ̀rá lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára ẹsẹ̀ bá a lọ. Èrè wo ni ìyẹn?

Èrò tèmi rèé: ohun mẹ́ta ni ẹni tó fẹ́ dín ọ̀rá kù gbọ́dọ̀ dì mú pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìrìn tó ń mú ọkàn ṣiṣẹ́. Èkejì ni iṣẹ́ tó ń fún ẹsẹ̀ lágbára. Ẹ̀kẹta ni oúnjẹ tó kéré díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń kọ́ ara. Ẹni tó bá fi ìkejì sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún kó owó wọlé, ó ń fi ọwọ́ òsì sọ ọ́ nù.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀? Bí ara bá ń dín kù, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń lọ. Ara ò mọ̀ pé ọ̀rá ikùn nìkan lẹ fẹ́ kó mú. Bí oúnjẹ bá kéré, tí ẹsẹ̀ kò sì ṣe iṣẹ́ agbára kankan, ara á máa jẹ iṣan náà mọ́ ọ̀rá. Nínú kílò mẹ́rin tí èèyàn bá pàdánù báyìí, ó lè tó kílò kan tí kì í ṣe ọ̀rá rárá. Láti ọgbọ̀n ọdún lọ sókè ni iṣan ẹni tí kò lò ó sì ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀; lẹ́yìn 60 ọdún, ó ń yára sí i. Nítorí náà, ìyá ẹni 60 ọdún tó ń fi ebi lé ọ̀rá, ẹ̀gbẹ́ méjì ni wọ́n ti ń jà á lólè.

Iṣan ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́. Inú iṣan ni èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà oúnjẹ ń lọ lẹ́yìn tí a bá jẹun tán, iṣan itan àti ìdí ló sì tóbi jù nínú ara. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ń dẹ́rù bà, kò yẹ kó sọ wọ́n nù. Ẹ sì tún rántí ìṣubú. Bí àgbàlagbà bá ṣubú, tí egungun ìbàdí ṣẹ́, ta ni yóò jókòó ti igbá rẹ̀? Ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn? Igi gangan-ràn-gan má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹnìkan lè ní: "Ìyá mi àgbà gbé igi, ó pọn omi, ó rìn lọ sóko. Kò ṣe eré ìdárayá kankan, ó sì gbó." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo iṣẹ́ ìyá náà dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ kó tó gbé ẹrù, ó dìde pẹ̀lú ẹrù, ó rìn jìnnà. Ìrìn àti iṣẹ́ agbára ti pé sínú ọjọ́ rẹ̀. Àwa ọmọ-ọmọ wọn ńkọ́? Zém ló gbé wa dé ọjà, a jókòó ti ọjà láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, zém ló tún gbé wa padà sílé. Ẹni tí zém gbé, ìjókòó. Ẹni tó ń wa zém, ìjókòó. Téló, ìjókòó. Akọ̀wé, ìjókòó. Ẹni tó ṣì ń fi ọkọ́ kọ ebè, tó ń fa omi ní kànga, kì í ṣe òun ni mò ń bá wí. Oúnjẹ gidi àti ìsinmi ni tirẹ̀. Àwa tí à ń jókòó ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rá ti pọ̀ jù? Ẹ mú okùn kan. Ẹ fi wọn gíga yín láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ ká okùn náà sí méjì, kí ẹ wá fi yí ikùn po, díẹ̀ lókè ìdodo, láìfa ikùn wọlé. Bí ẹnu okùn bá kan ara wọn, ó dáa. Bí wọn kò bá kan ara wọn, ọ̀rá ikùn ti pọ̀ jù nìyẹn. Kò ná yín ní fáráǹ kan.

Ti agbára ẹsẹ̀ náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹ jókòó sórí àga tó ga déédéé, èyí tí kò lè yẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dábùú àyà. Kí ẹnìkan máa wo aago fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ máa dìde dúró ṣánṣán, kí ẹ máa jókòó. Obìnrin tó wà láàárín 60 sí 64 ọdún, tí kò bá lè tó ìgbà 12, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ọkùnrin ọjọ́ orí yẹn, ìgbà 14 ni tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà ẹ dán an wò.

Ó dáa, iṣẹ́ wo ni ká wá ṣe? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìrìn. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ni, kì í ṣe ìrìn ẹni tó ń ná ọjà. Bí ẹ bá ń rìn tí ẹ lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ó ti tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe tó ìṣẹ́jú 150 irú rẹ̀ lọ́sẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú 30 lọ́jọ́ márùn-ún. Ẹ lè pín in sí mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ ní kí zém já yín sílẹ̀ kí ẹ tó dé ọjà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ parí rẹ̀. Àjọ yìí kan náà ló sọ pé ìrìn nìkan kò tó, pé kí a ṣe iṣẹ́ agbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀. Apá kejì yìí ni a kì í gbọ́ létí wa.

Iṣẹ́ agbára ẹsẹ̀ kò gba ẹ̀rọ. Mẹ́rin péré ni mo mú wá. Ìkíní, ìdìde-ìjókòó lórí àga, ìgbà mẹ́wàá. Ìkejì, kí ẹ máa gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tàbí bíríkì tó dúró dáadáa, kí ẹ sọ̀kalẹ̀, ìgbà mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìkẹta, kí ẹ di ògiri mú, kí ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dìde, kí gìgísẹ̀ kúrò nílẹ̀, ìgbà 15. Ìkẹrin, kí ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, kí ẹ ká orúnkún, kí ẹ gbé ìdí sókè, ìgbà mẹ́wàá. Ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ẹ má ṣe sé èémí mọ́nú.

Ẹ gbọ́ o: ó yẹ kí ìgbà méjì tó kẹ́yìn nira díẹ̀. Bó bá ti di eré fún yín, ẹ gbé bídọ̀n omi lítà 5 mọ́ àyà kí ẹ máa fi dìde. Bí iṣẹ́ kò bá le sí i, ẹsẹ̀ kò ní le sí i.

Ṣé ká wá ṣe méjèèjì lójoojúmọ́ kó lè tètè yá? Rárá o. Ní ọdún 1980, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Robert Hickson, kó àwọn èèyàn jọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ agbára ẹsẹ̀ nìkan. Àwọn kan ń sáré, wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́. Àwọn yòókù ń ṣe méjèèjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ lójoojúmọ́. Agbára ẹsẹ̀ àwọn tó ń ṣe méjèèjì ń lọ sókè fún bí ọ̀sẹ̀ méje, lẹ́yìn náà ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ti àwọn tó ń ṣe agbára nìkan ń lọ sókè títí dé òpin. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe pé kí a fi ọ̀kan sílẹ̀. Ó ń sọ fún wa pé iṣan ń fẹ́ ìsinmi kó tó lè kọ́ ara rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ṣe iṣẹ́ agbára. Ẹ fi ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti Àbámẹ́ta rìn, kí ẹ rìn díẹ̀díẹ̀ ní ọjọ́ agbára náà bí àyè bá wà. Bí méjèèjì bá bọ́ sí ọjọ́ kan, ẹ ṣe ti agbára kọ́kọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, ẹ sinmi. Bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ ọjà yín bọ́ sí ọjọ́ agbára, ẹ sún un síwájú, kò sí ìjà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló kù. Mo mọ̀ pé ìrìn àti iṣẹ́ agbára kò lè mú ikùn wọlé bí àwo oúnjẹ bá ṣì kún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi kọ́ ni oògùn. Ẹ bu bí ìdá mẹ́rin kan kúrò nínú òkèlè, ẹ̀bà tàbí àmàlà. Ẹ dín epo ọbẹ̀ kù: bí a bá fi ìwọ̀n kan náà wọn epo àti gàrí, agbára tó wà nínú epo ju ìlọ́po méjì ti gàrí lọ. Ẹ dín ohun mímu onísúgà kù, sódábì náà ẹ dín in kù. Àyè tó ṣí sílẹ̀ nínú àwo, ẹ fi ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, wàrà, wàrà sóyà àti ẹ̀fọ́ dí i. Àwọn wọ̀nyí ni bíríkì tí iṣan fi ń kọ́lé. Ìyàwó ilé tó ń pín ẹja fún gbogbo ilé tó wá fi omi ọbẹ̀ jẹ tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá a dá sí i.

Tíì tó ń mú ni yàgbẹ́ ńkọ́? Omi àti ìgbẹ́ ló ń kó jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Bí ẹ bá mumi tán, ìwọ̀n ara á padà. Owó yẹn, ẹ fi ra ẹyin. Kílò méjì lóṣù kan ti tó èèyàn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ìkìlọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, aboyún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí orúnkún rẹ̀ wú, ẹ kọ́kọ́ lọ rí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ má ṣe dín oúnjẹ kù láìsọ fún dókítà, kí ṣúgà má baà já wálẹ̀ lójijì. Bí àyà bá ń dun yín tàbí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ olùgbọ́ kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Kí ẹ tó tan rédíò ní ìpàdé, kí gbogbo ẹni tó bá lè ṣe é dìde kó jókòó nígbà mẹ́wàá. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹnìkọ̀ọ̀kan lè ṣe nínú ìṣẹ́jú àáyá 30 sílẹ̀ lónìí, kí ẹ tún kà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ fi okùn wọn ikùn náà. Kí ẹ jíròrò èyí: ta ni nínú ilé yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rọ, tí ẹ̀ ń pè é ní ọjọ́ ogbó lásán? Kí sì ni ilé lè ṣe kí ìyá tó ń jí láàárọ̀ kùtù lè rí ogún ìṣẹ́jú fún ara rẹ̀?

Ọ̀rá tó bá lọ, kó máa lọ ní àlàáfíà. Ẹsẹ̀ tó ń gbé wa lọ sọ́jà, kó dúró tì wá. Ó dàbọ̀ o.