Ilé Ọ̀gá Ti Rí Alátùn-únṣe, Ti Òṣìṣẹ́ Ńkọ́?

Ilé méjì wà nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́tta, l'Ékòó, tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀. Èkíní ni Jaekel House, ilé alájà tí wọ́n kọ́ ní 1898, níbi tí àwọn ọ̀gá òyìnbó ń gbé. Legacy 1995, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, ló tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Èkejì ni Running Shed, ṣẹ́ẹ̀dì ràgàjì tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tọ́jú ọkọ̀ ojú irin. Ìpẹtà ń jẹ òun lọ ní tirẹ̀, ẹni tí kò rílé gbé sì ti sá di abẹ́ òrùlé rẹ̀ rí. Iṣẹ́ rere ni ẹgbẹ́ yẹn ṣe, mo sì kí wọn. Ṣùgbọ́n tí a bá tún ilé ọ̀gá ṣe tí a jẹ́ kí ibi iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wó, ìdajì ìtàn la fẹ́ fi lé ọmọ wa lọ́wọ́.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Láyé ẹ̀ńjìnnì eléèéfín, ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ṣíná sí kó gbéra lójú ẹsẹ̀. Wákàtí púpọ̀ ṣáájú ni fáyámàn yóò ti dáná èédú, èédú tí wọ́n ń wà ní Enugu, kí omi inú àgbá tó hó dáadáa. Bí ọkọ̀ bá dé láti ìrìn àjò, wọn yóò kó eérú rẹ̀, wọn yóò bu omi sí i, wọn yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn. Irú ṣẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ máa ń ní kòtò gígùn láàárín irin méjì. Inú kòtò yìí ni fítà ń dúró sí, tí ẹ̀ńjìnnì yóò wà lókè orí rẹ̀, tí ọ̀rá àti omi gbígbóná yóò máa kán sí i lára. Ẹlòmíràn yóò mú òòlù, yóò máa kan ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìró rẹ̀ bá já gaara, ara irin le. Bí ó bá dún bí ìkòkò tó sán, ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde. Etí ni wọ́n fi ń dá ẹ̀mí èrò sí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin rélùwéè láti Èkó ní 1896. Ó dé Ìbàdàn ní ìparí 1900. Nígbà tó fi máa di 1912, ọkọ̀ ti ń dé Kano. Kòkó àti ẹ̀pà tó ń lọ sí èbúté kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ọwọ́ àwọn ènìyàn yìí ló gbé e.

Inú ọgbà kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ yìí ti kọ́ láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Michael Imoudu ló ṣáájú wọn. Ní 1941, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ rìn láti Èbúté Mẹ́tta, wọ́n gba orí afárá Carter, ó di ilé Gómìnà. Ìjọba òyìnbó fi Imoudu sí ìhámọ́ ní 1943. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1945, kò sì pẹ́ tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò fi bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà, nítorí Ogun Àgbáyé Kejì ti sọ oúnjẹ di ọ̀wọ́n, owó iṣẹ́ kò sì tó ná. Hubert Ògúndé, òṣèré orí ìtàgé, kò jẹ́ kó tutù tó fi sọ ọ́ di eré. Bí a bá ń ka àwọn ibi tí òmìnira Nàìjíríà ti hù, ta ni yóò fo ọgbà yìí dá?

Àwọn kan yóò ní ebi ń pa ará ìlú, ẹ ń sọ̀rọ̀ ògbólógbòó ilé. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ní 2017, àwọn ayàwòrán ṣe Lagos Biennial àkọ́kọ́ nínú ṣẹ́ẹ̀dì yìí, èrò sì wọ́ wá wò ó. Ibi tó lè gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òkú ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òfin yóò dáàbò bò ó. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Ìta Tinúbú ti wà lábẹ́ òfin ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956. Síbẹ̀, ní 2016, wọ́n wó o palẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọ ilé tí a pa tì bí ṣẹ́ẹ̀dì yìí lọ ya fọ́tò ń ṣe ohun tó yẹ kí ìjọba ti ṣe. Kí wọ́n gbàṣẹ kí wọ́n tó wọlé, kí wọ́n ṣọ́ra fún kòtò àti páànù tó ń mì lókè, kí wọ́n má sì mú ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: kámẹ́rà wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́, ìmọ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì. Kí Àjọ Rélùwéè pe àwọn méjèèjì pọ̀ kí àwọn àgbà yìí tó tán. Kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀rọ tó kù sílẹ̀ kí àwọn tó ń ra àlòkù irin tó kó o lọ. Kí ìjọba Èkó tún òrùlé ṣẹ́ẹ̀dì náà ṣe, kí wọ́n sì ya apá kan sọ́tọ̀ láti kọ́ ọmọ wa níṣẹ́ fítà, tọ́nà àti wẹ́dà. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Iṣẹ́ ni kí wọ́n dá padà sínú rẹ̀.