Iṣẹ́ Òru Grote Reber

Bí onímọ̀-ẹ̀rọ tó ti fẹ̀yìn tì bá kú, ilé-ẹ̀kọ́ tó lọ, ibi tó ti ṣe ọ̀gá àti oyè tí wọ́n fi dá a lọ́lá ni ìwé ìròyìn sábà máa ń kà sílẹ̀. Rédíò tó fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ káàkiri ayé láti inú yàrá rẹ̀ á wá bọ́ sí ìlà tó gbẹ̀yìn, pẹ̀lú eré ọwọ́ dilẹ̀. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀rí mi ni Grote Reber, ará Amẹ́ríkà tó kú sí Tasmania, ní Ọsirélíà, lóṣù Kejìlá ọdún 2002.

Ọdún 1911 ni wọ́n bí i. Ọ̀dọ́langba ni nígbà tó gba ìwé àṣẹ amateur radio, ìyẹn rédíò tí èèyàn fi ń bá ẹlẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ láti ilé, tí kì í ṣe fún owó. W9GFZ ni àmì ìpè rẹ̀. Lọ́dún 1933 ó gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, ó sì ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ rédíò ní Chicago. Ọdún yẹn náà ni Karl Jansky, òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí tẹlifóònù Bell, kéde pé láàárín ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà ni ariwo rédíò kan ti ń wá. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ kò mọ rédíò, àwọn onímọ̀ rédíò kò sì rí ohun tí ìràwọ̀ kàn wọ́n. Reber wáṣẹ́ lọ sí Bell, kò rí i gbà nítorí ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀. Lọ́dún 1937 ló bá fi igi àti páànù kọ́ díìṣì tó fẹ̀ ju mítà 9 lọ sí àgbàlá ìyá rẹ̀ ní Wheaton, owó àpò ara rẹ̀ ló sì ná. Ó tẹ́tí sí 3,300 megahertz, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún ẹ̀rọ mìíràn ṣe fún 900, òfo ni. Ní 160 ló tó gbọ́ ariwo tí Jansky sọ. Ọ̀sán ló ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Òru, tí ọkọ̀ bá ti dínkù tí iná ẹ́ńjìnnì wọn ò da rédíò láàmú mọ́, ló ń jókòó ti ẹ̀rọ. Ìwé ìwádìí ìmọ̀ ìràwọ̀, Astrophysical Journal, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1940; ní 1944 ó yàwòrán ojú ọ̀run bí rédíò ṣe gbọ́ ọ. Títí ogun àgbáyé kejì fi ń parí lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹlòmíràn láyé tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ta ló wá rántí rédíò tó ń bá ilé-iṣẹ́ ṣe lọ́sàn-án?

Wọ́n lè ní iṣẹ́ tó kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ló gbé e dé ibẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣe amateur radio ni ó mọ́ lára láti fọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ, kó máa wá ohùn tín-ín-rín nínú ariwo, kó sì yí ẹ̀rọ padà bí kò bá gbọ́ nǹkan kan. Ìwà yẹn gan-an ló gbé e láti 3,300 dé 160.

Àtakò kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ayé àgbàlá ìyá ẹni ti kọjá, owó ìjọba ló ń kọ́ irú díìṣì bẹ́ẹ̀ báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti gba iṣẹ́ náà, Reber kó lọ sí Tasmania ní 1954, ó ń tẹ́tí sí nǹkan bíi 2 megahertz, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ò yà sí. Ìpele òfuurufú tó máa ń dá ìgbì rédíò padà ló ń dí i. Ní òru ìgbà òtútù ní Tasmania, nígbà tí ìgbòkègbodò oòrùn bá rọlẹ̀, ìpele náà a fẹ́lẹ́ tó láti jẹ́ kí ìgbì náà kọjá. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì lọ.

Títí tó fi kú ni kò gbà pé ìgbà kan wà tí àgbáálá ayé bẹ̀rẹ̀, àwọn onímọ̀ ò sì bá a lọ síbẹ̀. Àìní ọ̀gá tó jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rán an náà ló jẹ́ kó le koko mọ́ èrò yẹn. N kò fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó kọ sílẹ̀ lóru kò dúró lórí èrò rẹ̀. Ẹlòmíràn yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì bára mu. Nítorí náà, kí oníròyìn tó ń kọ ìtàn onímọ̀-ẹ̀rọ tó kú béèrè ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, ibi tó ń tẹ́tí sí, àti ibi tí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà, kí wọ́n tó ta àwọn ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.